Àṣìṣe Kò Ní Kí Á Má Palẹ̀ Mọ́: Àlàyé Lórí Ètò Python

Kò sí bí ènìyàn ṣe lè mọ̀ ọ́n rìn tó kí orí rẹ̀ má mì. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí bí ẹni tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ṣe lè jẹ́ olóye tó, kí ó jókòó sí Òkè-Ìlewó tàbí sí Alábàtà ní Abẹ́òkúta, kí ó ro gbogbo ohun tí ó lè dé bá iṣẹ́ rẹ̀ já, tí ọjọ́ kan kò ní í pé tí fáìlì tí ó gbójú lé kò ní í sí níbi tí ó fi í sí, tàbí tí oníṣòwò kan ní ọjà Ìtòkú yóò kọ ọ̀rọ̀ ẹnu síbi tí ètò ti ń retí òǹkà, tàbí tí iná mànàmáná yóò lọ pátápátá nígbà tí iṣẹ́ kò tíì parí. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí dunjú kì í fi gbogbo agbára wọn lé e pé kí àṣìṣe má ṣẹlẹ̀ rárá, nítorí wọ́n mọ̀ pé bí ẹni ń fi apẹ̀rẹ̀ pọnmi ni. Ohun tí wọ́n máa ń bi ara wọn ni pé, nígbà tí àṣìṣe bá dé, ta ni yóò gbọ́, kí ni olúwarẹ̀ yóò ṣe sí i, àti pé gbogbo ohun tí ètò ti yá kí àṣìṣe tó dé, ta ni yóò dá a padà? Lórí ìbéèrè mẹ́ta yìí ni a óò gbé àlàyé wa kà, èdè Python ni a ó sì fi ṣe é, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ bà nígbà tí wọ́n bá wọ inú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà.

Guido van Rossum, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ni ó dá èdè náà sílẹ̀. Ìparí ọdún 1989 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí CWI ní ìlú Amsterdam, ó sì gbé e síta fún aráyé ní oṣù Èrèlé ọdún 1991. Láti ìgbà àkọ́kọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ méjì tí ń jẹ́ try àti except ti wà nínú rẹ̀, èyí tí ó fi hàn pé ẹni tí ó da èdè náà ti mọ̀ láti ìpilẹ̀ pé ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Èdè náà ti tàn dé ọ̀dọ̀ wa tipẹ́. Ní 2017 ni àwọn tí ń lò ó ní Nàìjíríà ṣe àpéjọ ńlá wọn àkọ́kọ́, PyCon Nigeria, ní ìlú Èkó. Nígbà tí ó sì di 2019, àwọn ti Áfíríkà lápapọ̀ pàdé ní Accra, olú-ìlú Ghana. Lónìí, ẹni tí ó bá gba ọgbà yunifásítì FUNAAB kọjá ní Alábàtà, tàbí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga MAPOLY ní Ojérè, kò ní í ṣàì rí ọ̀dọ́ kan tí ó gbé kọ̀ǹpútà lé itan, tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìlà Python.

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà dà bí àlọ́, ẹ jẹ́ kí á mú iṣẹ́ kékeré kan tí ó bá ilẹ̀ Ẹ̀gbá mu. Ká ní ìyá kan ń ta adìrẹ ẹlẹ́kọ àti adìrẹ oníko ní Ìtòkú. Bí ọjà bá tú, ọmọ rẹ̀ a kọ iye tí wọ́n ta aṣọ kọ̀ọ̀kan sínú fáìlì kan tí ń jẹ́ ọjà.txt, iye kan lórí ìlà kan, ètò Python kan a sì ka fáìlì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, a ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, a sì sọ iye owó tí ó wọlé lóòjọ́. Bí ọmọ náà bá kọ 5000, ohun gbogbo a lọ geere. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ 5,000, gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ti ń kọ ọ́, tí ó fi kọ́mà sí i kí ojú lè tètè kà á, tàbí tí ó fi àmì náírà ṣíwájú rẹ̀, irinṣẹ́ Python tí ń jẹ́ int, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti sọ ọ̀rọ̀ di òǹkà, kò ní í gbà á. Kò ní í fi òdo dípò rẹ̀, kò ní í méfò pé ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni ó yẹ kó jẹ́, kò sì ní í fò ó kọjá bí ẹni tí kò rí i. Yóò dúró lójú ẹsẹ̀, yóò sì figbe ta pé ValueError, èyí ni pé ọ̀rọ̀ tí a gbé fún un kò ṣe é kà sí òǹkà.

Igbe yìí kì í ta sínú afẹ́fẹ́ lásán. Nínú ètò Python, apá kan ni í máa ń rán òmíràn níṣẹ́, tí èyí tí a rán náà tún ń rán ẹlòmíràn. Nítorí náà, bí ibi tí àṣìṣe ti ṣẹlẹ̀ kò bá ní ẹni tí yóò dáhùn, igbe náà a gòkè lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó rán an níṣẹ́, láti ibẹ̀ a tún lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó rán onítọ̀hún, títí yóò fi rí ẹni tí ó lè jẹ́ ẹ. Bí ó bá gòkè dé òpin tí kò rí ẹnikẹ́ni, ètò náà a kú, Python a sì tẹ àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní traceback sójú kọ̀ǹpútà, nínú èyí tí ó ti to gbogbo ọ̀nà tí igbe náà gbà lẹ́sẹẹsẹ, pẹ̀lú orúkọ fáìlì àti nọ́ńbà ìlà, tí ó sì fi irú àṣìṣe gan-an ṣe ìparí rẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá. Àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ a máa sá fún àkọsílẹ̀ yìí bí ẹni rí ejò, bẹ́ẹ̀ ọ̀rẹ́ ni ó jẹ́. Láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni kí a máa kà á, nítorí ìlà ìkẹyìn ni ó ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, èyí tí ó wà lókè rẹ̀ sì ń sọ ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé nìkan nìyí. Ní ọjọ́ 4 oṣù Òkúdu ọdún 1996, ilẹ̀ Yúróòpù fi rọ́kẹ́ẹ̀tì Ariane 5 ránṣẹ́ sójú òfurufú fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Kourou ní French Guiana, kò sì tó ìṣẹ́jú kan tí ó gbéra tí ó fi yà kúrò lójú ọ̀nà tí ó sì fọ́ yángá. Èdè tí wọ́n fi kọ ètò inú rẹ̀ kì í ṣe Python, Ada ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ bá ọ̀rọ̀ wa mu rẹ́gí: òǹkà kan tóbi ju àyè tí wọ́n fẹ́ rọ́ ọ sí lọ, ètò figbe ta, kò sí ẹni tí a yàn láti dáhùn igbe náà níbẹ̀, ẹ̀rọ tí ń fi ọ̀nà han rọ́kẹ́ẹ̀tì náà sì pa ara rẹ̀. Èyí tí ó wá dunni jù ni pé ìṣirò tí ó fa igbe yẹn kò wúlò fún ohunkóhun mọ́ láti ìgbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ti kúrò nílẹ̀.

Àwọn àṣìṣe Python ní ìdílé bí àwa ènìyàn ti ní. OSError ni baba àwọn tí ó jẹ mọ́ fáìlì àti ohun èlò. Lára ọmọ rẹ̀ ni FileNotFoundError, tí ń ké nígbà tí fáìlì kò bá sí, àti PermissionError, tí ń ké nígbà tí a kò bá ní àṣẹ láti ṣí i. Lábẹ́ ValueError ni a ti rí UnicodeEncodeError, tí a óò pàdé níwájú. Ẹni tí ó bá pe orúkọ baba ti pe gbogbo ọmọ. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ọmọ ṣáájú ti baba nígbà tí a bá ń to àwọn tí yóò dáhùn, nítorí ẹni àkọ́kọ́ tí igbe bá bá mu ni yóò jẹ́ ẹ, àwọn tí ó kù kò sì ní í gbọ́ rárá.

Ẹ jẹ́ kí á wo ètò oníṣòwò wa bí ó ti yẹ kí ó rí:

    àpapọ̀ = 0
    ìwé = open("ọjà.txt", encoding="utf-8")
    try:
        for ìlà in ìwé:
            àpapọ̀ = àpapọ̀ + int(ìlà)
    except ValueError:
        print("Iye yìí kò ṣe é kà:", ìlà)
    else:
        print("Owó tí ó wọlé:", àpapọ̀)
    finally:
        ìwé.close()

Ẹni tí ó bá ń ṣe kàyéfì pé orúkọ Yorùbá ni a fi sínú ètò, kí ó mọ̀ pé láti Python 3.0, tí ó jáde ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2008, ni èdè náà ti gba lẹ́tà Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn wọn nínú orúkọ tí a bá fún nǹkan. Àwọn ọ̀rọ̀ àṣẹ bíi try àti except nìkan ni kò yí padà. Iṣẹ́ mẹ́rin ni a pín níhìn-ín. Abẹ́ try ni a kó iṣẹ́ tí ó lè bàjẹ́ sí. Abẹ́ except ni a kọ ohun tí a ó ṣe bí ó bá bàjẹ́ ní irú ọ̀nà tí a dárúkọ. Abẹ́ else ni ohun tí a ó ṣe kìkì bí kò bá sí àṣìṣe kankan, èyí tí kò jẹ́ kí a kó iṣẹ́ tí kò léwu mọ́ èyí tí ó léwu. Abẹ́ finally ni a kọ ohun tí a ó ṣe bí ó ti wù kí ó rí, yálà ọjà tà tàbí kò tà. Ó pẹ́ kí except àti finally tó lè jókòó pọ̀ sórí try kan ṣoṣo báyìí; Python 2.5, tí ó jáde ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ ọdún 2006, ni ó so wọ́n pọ̀.

Ohun méjì wà nínú ètò kékeré yìí tí ó yẹ kí ojú tó mọ iṣẹ́ tètè rí. Èkíní ni pé ìlà tí ó ṣí fáìlì wà lókè try, kò sí nínú rẹ̀: bí fáìlì kò bá ṣe é ṣí, a kò tíì yá ohunkóhun, nítorí náà kò sí ohun tí a ó dá padà, ṣùgbọ́n bí a bá fi í sínú try, finally yóò fẹ́ ti ìwé tí kò sí, àṣìṣe kejì yóò sì gun orí èkíní. Èkejì ni pé ìlà kan ṣoṣo tí kò ṣe é kà ni yóò dá gbogbo kíkà dúró. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ìyá náà fẹ́ ni kí a fo iye tí kò ṣe é kà, kí a ròyìn rẹ̀, kí a sì máa ka èyí tí ó kù lọ, inú for ni try àti except gbọ́dọ̀ wọ̀, kí ìlà kọ̀ọ̀kan lè ru ẹrù tirẹ̀. Kì í ṣe Python ni yóò yan èyí fún wa. Ẹni tí ó ni owó ni yóò sọ bóyá àròpọ̀ tí kò pé sàn ju àìní àròpọ̀ lọ, àbí kò sàn jù ú lọ.

Ìwà kan wà tí ó gbòde láàárín àwọn tí ń kánjú, òun ni kí a kọ except láìdárúkọ àṣìṣe kankan, kí a sì kọ pass sábẹ́ rẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ohunkóhun tí ó bá ṣẹlẹ̀, kí ètò dákẹ́, kí ó máa lọ. Ètò bẹ́ẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tí ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú tu itọ́ funfun síta: ìyá adìrẹ yóò máa rí àròpọ̀ lójoojúmọ́, kò ní í mọ̀ pé gbogbo iye tí ó ní kọ́mà ni ètò ti ń gbé mì láti ọjọ́ yìí wá. Ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí except tí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni yóò mú KeyboardInterrupt pẹ̀lú, èyí tí í ṣe igbe tí ènìyàn fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ tẹ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ kí ètò dúró. Olúwarẹ̀ á máa tẹ Ctrl àti C, ètò á máa ṣe bí adití. Nítorí èyí ni àwọn tí ó dá Python fi ya KeyboardInterrupt àti SystemExit sọ́tọ̀ kúrò lábẹ́ Exception, kí ẹni tí ó bá tilẹ̀ fẹ́ mú gbogbo àṣìṣe lè kọ except Exception, kí ó má baà mú èyí tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí a bá mú àṣìṣe kan, kí ó jẹ́ pé a mọ ohun tí a ó fi í ṣe. Bí a kò bá mọ̀ ọ́n, kí a jẹ́ kí ó gòkè lọ bá ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ kí ó tó jẹ́ kí ó lọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, raise, tó láti tún un ké.

Nísinsìnyí, a dé orí ìpalẹ̀mọ́, tí í ṣe ọkàn gbogbo àlàyé yìí. Nígbà tí ètò bá ṣí fáìlì, kì í ṣe tirẹ̀ ni ó ṣí. Ọwọ́ Windows tàbí Linux tí ń ṣàkóso kọ̀ǹpútà ni ó ti yá a. Ìtàn sọ fún wa pé Lísàbí Agbòǹgbò-Àkàlà kó àwọn Ẹ̀gbá jọ sínú ẹgbẹ́ àáró, nínú èyí tí wọ́n ń bá ara wọn ro oko lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí wọ́n bá sì ti bá ro tirẹ̀, òjò ìbáà rọ̀, oòrùn ìbáà ràn, ó di dandan fún un kí ó jáde lọ bá ẹlòmíràn ro tirẹ̀, nítorí gbèsè ni àáró jẹ́ títí a ó fi san án. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni fáìlì tí a ṣí, bẹ́ẹ̀ ni ìsopọ̀ tí a ṣe pẹ̀lú dátábéèsì, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà tí a là dé orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn àgbà sì wí pé ẹni tí ó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dí ẹgbèje: lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Linux, 1024 ni iye fáìlì tí a gba ètò kan láyè láti ṣí pa pọ̀ bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà, ètò tí ó bá sì ń ṣí tí kò ń tì yóò ṣiṣẹ́ dáadáa láàárọ̀, yóò ṣiṣẹ́ dáadáa lọ́sàn-án, àfi ìgbà tí ó bá di alẹ́ tí OSError yóò ké pé fáìlì tí ó ṣí ti pọ̀ jù, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní í ráyè ṣí ẹyọ kan sí i. Ibi tí igbe náà ti jáde kọ́ ni ẹ̀bi wà; ibi tí a ti yá tí a kò san ni.

Kí ni ó dé tí gbígbàgbé yìí fi rọrùn tó bẹ́ẹ̀? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ọ̀nà kan kò sì jáde kúrò nínú ètò. A lè parí iṣẹ́ kí a jáde ní ìrọ̀rùn. A lè bá return pàdé ní àárín kí a padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó rán wa. A lè bá break kí a já kúrò nínú àyípoyípo. Àṣìṣe sì lè gbá wa síta láìròtẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ close sí ìparí iṣẹ́ nìkan ti tì fáìlì rẹ̀ lójú ọ̀nà kan, ó sì ti ṣí i sílẹ̀ lójú mẹ́ta tí ó kù. Iṣẹ́ finally ni láti dúró sí ẹnu gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àṣìṣe bá wà tí ẹnikẹ́ni kò mú, finally yóò kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, lẹ́yìn náà ni igbe náà yóò máa gòkè lọ bí ó ti ń lọ tẹ́lẹ̀. Bí return bá wà nínú try, finally yóò ṣiṣẹ́ kí èsì tó padà dé ọwọ́ ẹni tí ó béèrè rẹ̀. Ìkìlọ̀ kan ni ó wà níbẹ̀: kí ẹnikẹ́ni má fi return sínú finally fúnra rẹ̀, nítorí pé bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, àṣìṣe tí ń gòkè bọ̀ yóò pòórá bí ìrì òwúrọ̀, ẹni tí ó wà lókè yóò sì gbà pé àlàáfíà ni. Ewu yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Python 3.14, tí ó jáde ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025, fi bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ fún ẹni tí ó bá kọ ọ́.

Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ń ṣí fáìlì ní ogún ibi ní láti rántí finally ní ogún ibi, ìrántí ènìyàn kò sì ṣe é gbójú lé. Ìdí nìyí tí Python 2.5 kan náà fi mú ọ̀rọ̀ with wọlé, tí ó sì di ti gbogbo ènìyàn láìtọrọ àyè ní Python 2.6 ní 2008. Bí a bá kọ

    with open("ọjà.txt", encoding="utf-8") as ìwé:
        for ìlà in ìwé:
            àpapọ̀ = àpapọ̀ + int(ìlà)

fáìlì náà yóò tì fúnra rẹ̀ nígbà tí a bá kúrò nínú ìlà tí ó wọ inú, ọ̀nà yòówù kí a gbà kúrò. Ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ṣòro: ohunkóhun tí a bá fi sí iwájú with gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ méjì, __enter__ tí a ó pè nígbà ìwọlé, àti __exit__ tí a ó pè nígbà ìjáde, tí a ó sì fi àṣìṣe tí ó ṣẹlẹ̀ hàn bí ó bá wà. Báyìí ni ẹrù ìpalẹ̀mọ́ ṣe kúrò lórí ẹni tí ń lo nǹkan, tí ó bọ́ sórí ẹni tí ó ṣe nǹkan náà, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n kí a ka ìwé àlàyé ohun tí a fẹ́ lò, nítorí kì í ṣe gbogbo with ni ó ń tìlẹ̀kùn: ìsopọ̀ sqlite3, tí ọ̀pọ̀ ń lò fún dátábéèsì kékeré, yóò fi owó sápò tàbí kí ó dá a padà bí a bá jáde kúrò nínú with rẹ̀, èyí ni pé yóò fìdí àkọsílẹ̀ múlẹ̀ tàbí kí ó pa á rẹ́, ṣùgbọ́n kò ní í ti ìsopọ̀ náà fúnra rẹ̀, àwa ni yóò tì í.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwa tí ń kọ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀. Abẹ́òkúta, ìlú Ṣódẹkẹ́, ni a ti tẹ ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, èyí tí Henry Townsend gbé jáde ní 1859; bẹ́ẹ̀ títí di òní, ọmọ Ẹ̀gbá tí ó bá fẹ́ kọ orúkọ ìlú rẹ̀ sínú fáìlì lè bá kọ̀ǹpútà jà. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Windows, bí a bá ṣí fáìlì láìsọ irú àkójọ lẹ́tà tí a fẹ́, cp1252 ni Python yóò lò, àkójọ yìí sì ní à àti é àti ó, ṣùgbọ́n kò ní ẹ, kò ní ọ, kò sì ní ṣ. Bí a bá wá ṣí ìwé gbèsè oníbàárà pẹ̀lú "w", tí í ṣe àmì pé a fẹ́ kọ ọ́ lákọ̀tun, ohun tí Python yóò kọ́kọ́ ṣe ni pé yóò gbọn fáìlì náà dànù di òfìfo; lẹ́yìn náà ni yóò gbìyànjú láti sọ Abẹ́òkúta di lẹ́tà cp1252, yóò kan A, yóò kan b, nígbà tí ó bá kan ẹ, UnicodeEncodeError yóò ké kí lẹ́tà kankan tó wọ inú fáìlì. Ẹ kíyè sí i pé with yóò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìkù síbì kan: yóò ti fáìlì náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n fáìlì òfìfo ni yóò tì, gbèsè gbogbo oníbàárà yóò sì ti bá a lọ. Ìpalẹ̀mọ́ ń dá ohun tí a yá padà. Kì í dá ohun tí a ti bàjẹ́ padà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ iná rí. Àwọn ìwé a máa sọ pé finally kò lè ṣaláì ṣiṣẹ́, òtítọ́ sì ni, níwọ̀n ìgbà tí Python bá ṣì ń mí. Bí iná bá lọ tí bátìrì kò sì sí, bí ẹnìkan bá fi àṣẹ kill -9 pa ètò náà lórí Linux, kò sí finally tí yóò sọ̀rọ̀, nítorí òkú kì í palẹ̀ mọ́. Ìlà tí a ti kọ pàápàá lè ṣì wà nínú mẹ́mórì tí kò tíì dé orí dísìkì. Ní ìlú tí iná kò ti ní àkókò, ẹni tí ó bá fi gbogbo ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ sínú finally ti gbé ẹrù rẹ̀ lé orí òpó kan ṣoṣo. Oògùn àrùn méjèèjì, ti lẹ́tà àti ti iná, jẹ́ ọ̀kan náà: kí a má fọwọ́ kan fáìlì àtijọ́ títí tí tuntun yóò fi pé.

    import os
    with open("gbèsè.tuntun", "w", encoding="utf-8") as ìwé:
        ìwé.write(àkọsílẹ̀)
        ìwé.flush()
        os.fsync(ìwé.fileno())
    os.replace("gbèsè.tuntun", "gbèsè.txt")

A kọ ọ́ sínú fáìlì mìíràn. Flush tì í jáde kúrò lọ́wọ́ Python, os.fsync sọ fún kọ̀ǹpútà pé kí ó gbé e dé orí dísìkì, ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá sì parí láìsí igbe ni os.replace yóò fi tuntun rọ́pò àtijọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí àṣìṣe bá dé láàárín, a kò ní í dé ìlà ìkẹyìn. Bí iná bá lọ láàárín, fáìlì àtijọ́ ṣì wà níbi tí ó wà. Iṣẹ́ os.replace yìí jẹ́ àṣeparí tàbí àìṣe rárá, bí fáìlì méjèèjì bá wà lórí apá dísìkì kan náà. Òun ni ó ń ṣe ohun tí finally kò lè ṣe, nítorí kò dúró de ìgbẹ̀yìn kí ó tó ronú nípa ewu.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ tí ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa ní Python, ẹ má fi orí ẹ̀kọ́ yìí sẹ́yìn ìwé bí ohun tí a ó kọ́ bí àyè bá ṣẹ́ kù. Láti ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ṣí fáìlì àkọ́kọ́ rẹ̀, with ni kí ẹ fi ṣí i fún un, kí ẹ sì kọ encoding="utf-8" sí i, kí ó lè mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni a ń ṣe é. Ẹ kọ́ ọ kí ó dárúkọ àṣìṣe tí ó fẹ́ mú, kí ó má sì mú èyí tí kò mọ ohun tí yóò fi í ṣe. Ẹ ní kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ètò rẹ̀ jẹ́ kí ó tó fi í hàn yín: kí ó kọ 5,000 síbi tí 5000 yẹ, kí ó kọ Ẹ̀gbá síbi tí cp1252 wà, kí ó pa kọ̀ǹpútà láàárín iṣẹ́, kí ó wá wo ohun tí ó ṣẹ́ kù. Ètò tí ó là á já lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀; èyí tí kò là á já, ẹ dá a padà fún un kí ó lọ tún un ṣe.